Àwòrán tó ní ìwọ̀n fún ẹ́ńjìnnì R-1340 Wasp: níbo la ti ń rí i?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ́ńjìnnì Pratt & Whitney R-1340 Wasp, tí sìlíńdà rẹ̀ tò yíká kíráńkì, ni mo fẹ́ kọ́ sínú FreeCAD (ètò kọ̀ǹpútà fún yíya ẹ̀rọ), èyí tó wà níwájú bàálù ìkọ́ṣẹ́ AT-6 Texan, tí àwọn ará Britain ń pè ní Harvard. Kì í ṣe èèpo ẹ̀yìn nìkan o. Mo fẹ́ kí kíráńkì máa yí, kí písítìnì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán máa lọ máa bọ̀, kí káàmù sì máa ṣí fáàfù lásìkò tó yẹ.

Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì ń mú jáde kò ju àwòrán ẹ́ńjìnnì tí wọ́n là láàárín lọ. Ó wu ojú, ṣùgbọ́n kò ní ìwọ̀n kankan lára. Módẹ́ẹ̀lì wà lórí GrabCAD, ìkànnì tí wọ́n ti ń pín módẹ́ẹ̀lì, àmọ́ gígùn rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kíráńkì) inú èyí yàtọ̀ sí ti tọ̀hún. Àwọn kan sì ń ta CD tí wọ́n ní "gbogbo blueprint" wà nínú rẹ̀.

Ṣé àwòrán iléeṣẹ́ gan-an wà níta? Bí kò bá sí, kí lẹ ń lò dípò rẹ̀, báwo lẹ sì ṣe ń mọ̀ pé ìwọ̀n tí ẹ fi sí i kì í ṣe àbá lásán?

Bàbá Fáìlì:

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò dùn. Àwòrán iléeṣẹ́ fún Wasp lódindi, tí ìwọ̀n wà lára gbogbo rẹ̀, kò sí níta fún tẹrú tọmọ. Iléeṣẹ́ náà ṣì wà, ẹ́ńjìnnì yìí ṣì ń fò lára àwọn DHC-3 Otter àti bàálù àtijọ́ mìíràn, ẹni tó bá sì ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ tuntun kò ní gbé àwòrán rẹ̀ síta fún ẹnikẹ́ni. Má ná owó rẹ sórí CD yẹn. Ìwé ológun tó o lè rí lọ́fẹ̀ẹ́ ló sábà máa ń wà nínú wọn.

Ìwé ológun yẹn gan-an lo nílò. Ìjọba Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́ fún àwọn mẹ́káníìkì wọn. Má fi orúkọ ẹ́ńjìnnì wá a, nọ́ńbà ni kó o fi wá a. Ìwé ẹ́ńjìnnì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 02, T.O. (Technical Order) tàbí AN (Army-Navy) ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀. 02-10 ni ti Pratt & Whitney, 02-35 ni ti Wright. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ló ń sọ irú ìwé tó jẹ́: -2 fún ìtọ́jú, -3 fún overhaul (títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ láti tún un ṣe), -4 fún àkójọ ẹ̀yà ara. Wá -3 àti -4 lójú méjèèjì, torí ọ̀kan kò tó láìsí èkejì. Inú -3 ni àwòrán tí wọ́n là láàárín tó dúró ṣánṣán wà, pẹ̀lú tábìlì àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yà kan àti èkejì. Inú -4 ni wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, pẹ̀lú orúkọ, nọ́ńbà, àti iye tí ẹ́ńjìnnì kan ń lò.

Nọ́ńbà ẹ̀yà tó wà nínú -4 wúlò ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Tẹ̀ ẹ́ sínú ibi ìwákiri bó ṣe rí. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà àtijọ́ máa ń ya fọ́tò ọjà wọn, wọ́n sì máa ń fi rúlà tàbí calipers sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe rí ìwọ̀n písítìnì pin tàbí ìjókòó fáàfù tí kò sí nínú ìwé kankan.

Internet Archive ni kó o kọ́kọ́ yà sí. HathiTrust náà ní púpọ̀, ṣùgbọ́n bí o kò bá wá láti yunifásítì tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lo máa sábà gbà wálẹ̀. Ṣọ́ra fún àwòrán ńlá tó ká pọ̀ sínú ìwé: ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe síkáànì kì í ṣí i, èyí tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ àwòrán gígùn ẹ́ńjìnnì tó ò ń wá. Tí ẹ̀dà kan bá rí bẹ́ẹ̀, wá ẹ̀dà mìíràn. Ẹgbẹ́ Aircraft Engine Historical Society náà kó ìwé àti àwòrán jọ sórí ìkànnì wọn. Fún ìwọ̀n tí òfin jẹ́rìí sí, gba Type Certificate Data Sheet ẹ́ńjìnnì náà lọ́dọ̀ FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù. Kò gùn, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣeé jà níyàn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí: ẹni tó kọ́ bàálù náà ní àwòrán tirẹ̀. Iléeṣẹ́ North American gbọ́dọ̀ mọ ibi tí bóòtù ìdè ẹ́ńjìnnì wà, ibi tí páìpù èéfín ti jáde, àti bí cowling (èèpo tó bo ẹ́ńjìnnì) ṣe yí i ká. Àwòrán AT-6 máa fún ọ ní ìwọ̀n ìta Wasp láìjẹ́ pé Pratt & Whitney dá sí i. AirCorps Library ní Bemidji, Minnesota, ń fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ hàn fún ẹni tó bá san àsansílẹ̀. Ibi ìpamọ́ National Air and Space Museum ní Chantilly, Virginia, náà ní àwòrán bàálù lórí microfilm.

Kí o tó fa ìlà kankan, mú oríṣi kan, kó o sì dúró tì í. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1925 ni Wasp kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1960. Láàárín àkókò yẹn, fíìnì orí sìlíńdà, bílóà (fáànù tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ sìlíńdà) àti imú ẹ́ńjìnnì kò dúró bákan náà. Èyí tó wà lára AT-6 ni R-1340-AN-1, tí í ṣe S3H1 lọ́jà aráàlú: ìfúnpọ̀ 6:1, bílóà 10:1, agbára ẹṣin 600 ní 2250 rpm nígbà ìgbéra. S3H1-G ní gíà nínú imú, ti AN-1 kò ní. Ẹni tó bá gbé imú ọ̀kan sórí ara èkejì ti kọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò sí láyé rí.

Àdùkẹ́ CAD:

Bàbá ti parí ọ̀rọ̀ lórí ibi wíwá. Ẹ jẹ́ n sọ bí ẹ ṣe máa sọ ìwé yẹn di ìwọ̀n.

Ìwọ̀n líle kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó bẹ̀rẹ̀. Inú sìlíńdà jẹ́ 5.75 ínṣì ní ìbú, ìrìn písítìnì náà jẹ́ 5.75 ínṣì, sìlíńdà mẹ́sàn-án, dígírì 40 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìdajì ìrìn písítìnì ni ọ̀nà tó wà láti àárín kíráńkì dé àárín crankpin (ibi tí rọ́ọ̀dù ti di kíráńkì mú): 2.875 ínṣì. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: sìlíńdà kan gba 149.3 ínṣì onígun mẹ́ta (cubic inch), mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jẹ́ 1344. Ibẹ̀ ni orúkọ R-1340 ti wá.

Ẹ gbé àwòrán gígùn inú -3 wọ FreeCAD. Láti ẹ̀dà 0.21, àwòrán tí ẹ gbé wọlé ní irinṣẹ́ calibrate tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìwọ̀n kan ṣoṣo ṣe é. Síkáànì máa ń fa ìwé gùn sí apá kan, bébà àtijọ́ náà sì máa ń sún kì. Nínú àwòrán tí sìlíńdà kìíní ti dúró lókè, ìbú sìlíńdà dùbúlẹ̀, ó jẹ́ 5.75. Ọ̀nà láti àárín ṣáàfù dé crankpin dúró lóòró, ó jẹ́ 2.875. Ẹ wọn méjèèjì ní piksẹ́lì. Tí ti àkọ́kọ́ kò bá jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì gẹ́lẹ́, síkáànì ti yẹ̀. Ẹ fi ètò àwòrán bíi GIMP tún un ṣe ní apá tó yẹ̀ kí ẹ tó gbé e wọlé. Ẹ má wọn ohunkóhun nítòsí ibi tí wọ́n ti rán ìwé pọ̀, torí ojú ìwé ti tẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má sì wọn àwòrán tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́, bó ti wù kó rẹwà tó.

Tábìlì àlàfo inú -3 máa ń da àwọn tuntun láàmú. Kì í sọ bí ẹ̀yà ṣe tóbi tó, bó ṣe wọ ara rẹ̀ ló ń sọ. Lẹ́tà L lẹ́yìn nọ́ńbà túmọ̀ sí pé àlàfo wà, T túmọ̀ sí pé ẹ̀yà inú tóbi ju ihò lọ, agbára tàbí iná ni wọ́n fi ń tì í wọlé. Tí ẹ bá ka T bí L, bushing (òrùka tí wọ́n ń tì sínú ihò) yín á máa mì nínú ihò tó yẹ kó fún un pa. Ọwọ́ tí mo fi ń lò ó rèé: mo ń mú ìwọ̀n ẹ̀yà kan láti ibi tó dájú, àlàfo inú tábìlì ni mo sì fi ń gba ìwọ̀n ẹ̀yà kejì. Nínú CAD, ẹ fi àlàfo yẹn sí spreadsheet, kí ó ní orúkọ tirẹ̀, kí ẹ lè yí i padà lọ́jọ́ iwájú láìtún ya nǹkan kan.

Ibi tó dájú yẹn sábà máa ń jẹ́ ohun tí Pratt & Whitney rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bíárìn wà nínú -4 pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó ṣe é, kátálọ́ọ̀gì bíárìn àtijọ́ á sì sọ ihò inú, ìbú ìta àti nínípọn rẹ̀. Eyín imú ṣáàfù tí propeller ń wọ̀ jẹ́ ti SAE, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà ìwọ̀n kalẹ̀. Propeller Hamilton Standard tó wà lára AT-6 ni 12D40: 2 ni iye abẹ, 40 ni ìwọ̀n eyín ṣáàfù. Ẹ wá ìwọ̀n SAE 40 nínú ìwé ìlànà, ẹ ti rí imú kíráńkì nìyẹn. Ó tún di rúlà fún gbogbo fọ́tò tí ẹ bá rí tó ya imú ẹ́ńjìnnì náà láti ẹ̀gbẹ́ gan-an.

Bí ẹ bá kọ́ orí sìlíńdà tán, ẹ dán an wò báyìí. Ìfúnpọ̀ 6:1 túmọ̀ sí pé àyè tó ṣẹ́ kù lókè písítìnì nígbà tó bá dé òkè pátápátá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún àyè tí písítìnì ń rìn: 149.3 ÷ 5, ìyẹn bíi 29.9 ínṣì onígun mẹ́ta, tàbí 489 cc. Ẹ kọ́ àyè yẹn bí ohun líle, kí ẹ sì ka volume rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ 560 cc, orí písítìnì yín kéré jù tàbí dome orí sìlíńdà ga jù. Mi ò tíì rí àyẹ̀wò tó ń tú àṣìṣe fó bí èyí, torí kò ṣeé fi ojú rí lára àwòrán.

Lórí síkúrù: ìwọ̀n American National ni ti ayé ìgbà yẹn, kó tó di Unified ní 1949. Igun méjèèjì jẹ́ dígírì 60. Ẹ má gbẹ́ ẹsẹ̀ síkúrù sínú módẹ́ẹ̀lì, ẹ kọ ọ́ sí àkọlé àwòrán, ó tó.

Rọ́ọ̀dù Kẹsàn-án:

Ibi tí módẹ́ẹ̀lì GrabCAD ti ń bára wọn jà nìyí, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Crankpin kan ṣoṣo ló wà fún sìlíńdà mẹ́sàn-án. Master rod kan ló di crankpin mú, àwọn link rod mẹ́jọ tó kù so mọ́ eteetí rẹ̀ pẹ̀lú knuckle pin (píìnì kékeré tí wọ́n ń yí lórí rẹ̀). Nínú Wasp, master rod jẹ́ ẹyọ kan tí kò pín, kíráńkì ló pín sí méjì kí ó lè wọlé. Ẹni tó bá ya ìdè bóòtù sí ẹ̀gbẹ́ master rod ti yá a láti ara ẹ́ńjìnnì mìíràn. Sìlíńdà tí master rod wà nínú rẹ̀ wà nínú ìwé -3, ẹ má fi àbá mú un.

Ẹ kọ́kọ́ ya egungun rẹ̀ nínú sketch kan, láìsí ara. Àárín kíráńkì, ìlà 2.875 dé crankpin, master rod láti ibẹ̀ dé orí ìlà sìlíńdà rẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn knuckle pin tó so mọ́ master rod, kì í ṣe mọ́ kíráńkì. Láti ara knuckle pin kọ̀ọ̀kan, ìlà kan dé orí ìlà sìlíńdà tirẹ̀. Ẹ yí kíráńkì, kí ẹ kọ ibi tó ga jù àti ibi tó rẹlẹ̀ jù fún písítìnì kọ̀ọ̀kan. Ti master rod máa jẹ́ 5.75 gẹ́lẹ́. Àwọn mẹ́jọ yòókù á yàtọ̀ sí i díẹ̀, wọn ò sì ní dé òkè ní dígírì 40-40 gẹ́lẹ́. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀! Tí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá bára dọ́gba, gbogbo rọ́ọ̀dù lẹ ti so mọ́ crankpin. Ẹ́ńjìnnì gidi mọ ìyàtọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí káàmù inú mágínẹ́tò ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ fi ń ní gọngọ mẹ́sàn-án tí àlàfo wọn kò dọ́gba, kí iná lè bọ́ sí dígírì kan náà fún písítìnì kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ bá wá gbé ara wọ̀ ọ́ nínú Assembly (FreeCAD 1.0 ti ní tirẹ̀ nínú), ẹ má lo Revolute (ìdè tó ń jẹ́ kí ẹ̀yà yí nìkan) níbi gbogbo. Rọ́ọ̀dù tó ní Revolute lókè àti nísàlẹ̀, pẹ̀lú Slider (ìdè tó ń jẹ́ kó máa lọ máa bọ̀ nìkan) fún písítìnì, ti di ohun kan náà mú lẹ́ẹ̀mejì, solver (apá tó ń ṣírò ìdè) sì lè kọ̀. Ẹ lo Revolute fún kíráńkì, Cylindrical (tó lè yí, tó sì lè yọ̀) fún ìsàlẹ̀ rọ́ọ̀dù, Ball (tó lè yí sí ibi gbogbo) fún òkè rẹ̀ níbi písítìnì pin, Slider fún písítìnì nínú sìlíńdà. Ẹ ka òmìnira rẹ̀ (iye ọ̀nà tó lè gbà rìn tàbí yí): kíráńkì, rọ́ọ̀dù àti písítìnì jẹ́ 6 × 3 = 18, ìdè gba 5 + 4 + 3 + 5 = 17, ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan, yíyí kíráńkì. Link rod kọ̀ọ̀kan àti písítìnì rẹ̀ mú 12 wá, ìdè wọn náà gba 12. Ẹ lè fi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kún un láìsí wàhálà.

Ó ku káàmù. Sìlíńdà kìíní wà lókè, kíkà ń lọ bí ọwọ́ aago tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀yìn, iná ń bọ́ sí 1-3-5-7-9-2-4-6-8. Láti 1 sí 3 jẹ́ dígírì 80. Òrùka káàmù kan ni, ipa ọ̀nà méjì: ọ̀kan fún ìwọlé, ọ̀kan fún èéfín. Ẹ ka gọngọ tó wà lórí ipa ọ̀nà kan nínú àwòrán inú -4. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, dígírì 90 ló wà láàárín wọn: nígbà tí kíráńkì bá yí 80, gọngọ kejì gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn ní 10, ìyẹn ni pé káàmù ń yí ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, lòdì sí kíráńkì. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, dígírì 72 ló wà láàárín wọn, ó gbọ́dọ̀ lọ síwájú ní 8, ìdá kan nínú mẹ́wàá, ọ̀nà kan náà pẹ̀lú kíráńkì. Ẹ ka eyín gíà tó ń yí i, kí ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀. Tí kò bá bọ́ sí ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ ti ka eyín kan ṣì.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́, ṣé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan wà tí àwòrán rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, tó kéré ju èyí lọ, tí mo lè fi dá ọwọ́ mi lójú? Ìkejì, fíìnì orí sìlíńdà ń mú kọ̀ǹpútà há, ó tó ìṣẹ́jú púpọ̀ kó tó dáhùn.

Bàbá Fáìlì:

Ti àwọn Wright, 1903. Sìlíńdà mẹ́rin tó dùbúlẹ̀, 4 ínṣì ní ìbú, 4 ínṣì ní ìrìn, 201 ínṣì onígun mẹ́ta lápapọ̀. Charlie Taylor ló kọ́ ọ. Fáàfù ìwọlé rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí písítìnì bá fà, nítorí náà káàmù èéfín nìkan lo máa yà. Smithsonian tẹ ìwé kan jáde ní 1971 lórí àwọn ẹ́ńjìnnì Wright, nọ́ńbà 5 nínú Annals of Flight wọn. Ọ̀fẹ́ ni, àwòrán tí wọ́n là láàárín sì wà nínú rẹ̀.

Bí o bá rí plan tí wọ́n yà fún ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń ṣiṣẹ́, bíi ti Bentley BR2, má fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀ kó o rò pé o ti padà sí ẹ́ńjìnnì gidi. Ẹni tó ya plan bẹ́ẹ̀ ti mú ara sìlíńdà nípọn, ó sì ti lo síkúrù tó wà lọ́jà, kó lè ṣeé gé lórí léètì kékeré.

Àdùkẹ́ CAD:

Fíìnì: sìlíńdà kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́, torí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jọra. Ẹ fi Link (tó kàn ń tọ́ka sí ti àkọ́kọ́) gbé mẹ́jọ tó kù síbẹ̀, ẹ má ṣe ẹ̀dà. Ara sìlíńdà jẹ́ irin, orí rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi síkúrù àti iná dì mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà méjì. Fún fíìnì ti ara, ẹ ya gbogbo eyín rẹ̀ sínú sketch kan, kí ẹ sì yí i ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú Revolution. Pattern, àṣẹ tó ń tún fíìnì kan ṣe léraléra, ló ń pa kọ̀ǹpútà yín. Fún ti orí, ẹ kọ́ àwọn pálí tó dúró gbọọrọ, ẹ wá fi ìrísí ìta gé gbogbo wọn papọ̀.

Ẹ ní sìlíńdà kejì tí kò ní fíìnì rárá, òun ni kí ẹ lò nínú Assembly nígbà tí ẹ bá ń yí kíráńkì. Fillet (yíyí etí di roboto) ní ìparí pátápátá, lẹ́yìn tí link rod mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ti yí tán láìkan etí sìlíńdà nísàlẹ̀.